Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí Iná Ọkọ̀ Bá Dàrú Lẹ́yìn Àtúnṣe tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe

Ọkọ̀ tó ń lo bátìrì fóòtì 12, irú èyí tó pọ̀ jù lójú pópó wa, ni ìdáhùn wọ̀nyí wà fún, ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó ń fi epo àti bátìrì ńlá rìn pa pọ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn inú rẹ̀ rárá, nítorí pé iná tó ń gba inú wáyà náà kọjá lè pa ènìyàn.

Ọkọ̀ mi kò ní wàhálà kankan kí n tó tú u. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe náà?

Ibi tí ọwọ́ yín kàn kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí. Ó ṣọ̀wọ́n kí nǹkan mìíràn ṣàdédé bàjẹ́ ní wákàtí kan náà tí ẹ ń tú dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí náà ẹ má tíì ra ẹ̀yà ọkọ̀ kankan. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fọwọ́ kàn sílẹ̀: nọ́ọ̀tì tí ẹ tú, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ yọ, àti wáyà tí ẹ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ yín lè ráyè wọlé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún wọn tì bọlé títí ẹ ó fi gbọ́ ìró "kà". Èyí tí kò bá dún kò tíì wọlé tán. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá sìkúrúù tí ẹ dá padà ti gún wáyà kan. A ti rí ọkọ̀ kan tí iná rifáàsì rẹ̀ kú lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ pààrọ̀ rédíò. Ó ra gílóòbù mẹ́ta kó tó mọ̀ pé sìkúrúù kan ṣoṣo ló já wáyà náà lẹ́yìn rédíò.

Orí bátìrì wo ni kí n kọ́kọ́ tú?

Négétíìfù ni ẹ ó kọ́kọ́ tú, òun náà ni ẹ ó sì dá padà kẹ́yìn. Gbogbo irin ara ọkọ̀ ló so mọ́ négétíìfù. Bí ẹ bá ń tú pósítíìfù nígbà tí négétíìfù ṣì wà lórí, tí sípánà sì ṣèèṣì kan irin ọkọ̀, iná yóò gba inú sípánà náà kọjá, yóò ta pàràpàrà, ó sì lè jẹ ojú irin. Bí négétíìfù bá ti kúrò, sípánà lè kan irin ọkọ̀ láìta pàràpàrà.

Ẹ bọ́ òrùka àti ṣéènì ọwọ́. Bátìrì fóòtì 12 kì í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, ṣùgbọ́n òrùka tó bá há sí àárín pósítíìfù àti irin ọkọ̀ yóò pọ́n bí ẹ̀yín iná kí ẹ tó rí i bọ́.

Mo dá bátìrì padà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò sítáàtì. "Kà-kà-kà" nìkan ló ń dún. Ṣé kíìkì sítátà ló bàjẹ́ ni?

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì rẹ̀, orí bátìrì tí kò fún dáadáa ló ń fa ìró yìí. Ẹ fi ọwọ́ lílé yí orí bátìrì náà. Bí ó bá yí díẹ̀ pẹ́rẹ́, kò fún. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó máa ń hù síbẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá, nítorí náà ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì fi sáńpépà ha ojú méjèèjì títí irin yóò fi dán. Ìṣó tí àwọn kan máa ń kì bọ àárín kí orí bátìrì lè fún kò dára, nítorí pé ojú díẹ̀ ló ń jẹ́ kí iná gbà.

Bí ẹ bá ní mítà tó ń wọn iná, ẹ wọn bátìrì náà nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi. Fóòtì 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.2 túmọ̀ sí pé ó kù bí ìdajì, ohun tó bá sì wà nísàlẹ̀ 12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí ẹnì kan máa tan ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń wo mítà: bátìrì tó yè kì í sábà já wálẹ̀ kọjá 9.6. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹnu mítà kan lé ọ̀pá bátìrì gan-an, kí ẹ gbé èkejì lé irin tó dì í mú, kí ẹni náà tún tan ọkọ̀. Iye tó bá hàn láàárín méjèèjì ni iná tí ìdọ̀tí ń jẹ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ṣé tẹ́sítà onígílóòbù tó, àbí dandan ni kí n ra mítà?

Tẹ́sítà tó fún iná iwájú, họ́ọ̀nù àti fíúsì. Ó tilẹ̀ sàn ju mítà lọ níbì kan: mítà lè ka fóòtì 12 lórí wáyà tó ti jẹra tó ku díẹ̀ kó já, ṣùgbọ́n gílóòbù tẹ́sítà yóò tàn bàìbàì, ẹ ó sì mọ̀ pé wáyà náà kò lè gbé ẹrù. Ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé ni wáyà kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn ríwáyà ń pè ní brain box, nítorí pé iná tí gílóòbù ń fà lè pọ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ lè gbé lọ. Níbẹ̀, mítà nìkan.

Àṣìṣe tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mítà sábà máa ń ṣe ni pé wọn yóò fi wáyà pupa sínú ihò 10A láti wọn áńpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, wọn yóò gbàgbé, wọn yóò sì fi ẹnu rẹ̀ kan bátìrì láti wọn fóòtì. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, mítà ti so pósítíìfù mọ́ négétíìfù tààrà.

Fíúsì tí mo fi sí i ń jó lójú ẹsẹ̀. Ṣé mo lè fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i?

Rárá o. Fíúsì kò wà fún ààbò rédíò tàbí gílóòbù. Wáyà tó wà láàárín ni ó ń dáàbò bò. Bí wáyà tí wọ́n ṣe fún áńpù 10 bá wà lẹ́yìn fíúsì 30, wáyà ni yóò di fíúsì, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni yóò sì ti jó. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: 10 jẹ́ pupa, 15 jẹ́ búlúù, 20 jẹ́ yẹ́lò, 30 jẹ́ àwọ̀ ewé. Iye tí wọ́n kọ sí ìdérí àpótí fíúsì ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe èyí tí ẹ bá níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú yín lè ti fi tirẹ̀ sí i. Bébà sìgá àti òwú wáyà tí wọ́n ń wé mọ́ fíúsì tó jó kò yẹ ní ohun tí à ń jiyàn lé lórí.

Ọgbọ́n àtijọ́ kan wà tí kì í jẹ́ kí ènìyàn jó fíúsì mẹ́wàá tán. Ẹ yọ fíúsì náà, kí ẹ so gílóòbù bíréèkì aláwáàtì 21 mọ́ ojú méjèèjì ihò rẹ̀, kí ẹ sì pa gbogbo ohun tó ń lo iná láti ibẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà kan bá ṣì ń gbá irin ọkọ̀ níbì kan, gílóòbù náà yóò tàn rokoṣo, kò sì ní sí ohun tí yóò jó. Ẹ wá máa yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa mi wáyà díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́. Ibi tí ọwọ́ yín bá wà nígbà tí gílóòbù kú tàbí tó rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe náà wà.

Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ bátìrì, ọkọ̀ ń gbọ̀n bó bá dúró, gíláàsì kò gòkè fúnra rẹ̀ mọ́, rédíò sì ń béèrè kóòdù. Kí ni mo bàjẹ́?

Ẹ kò ba ohunkóhun jẹ́. Àwọn nǹkan tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti kọ́ sórí ló parẹ́ nígbà tí iná kúrò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná dáadáa láìtan AC, kí ẹ sì wà á lọ sí ìrìn díẹ̀. Ìgbọ̀n náà sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá fa gíláàsì sókè tán tí ẹ sì di bọ́tìnnì náà mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò rántí iṣẹ́ rẹ̀. Kóòdù rédíò sábà máa ń wà nínú ìwé ọkọ̀.

Bí mo bá tẹ bíréèkì, tiráfíkétọ̀ ló ń tàn; bí mo bá tan tiráfíkétọ̀, iná ẹ̀yìn ń ṣẹ́jú. Báwo ni èyí ṣe jẹ́?

Áàtì ni, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Iná tó bá jáde láti bátìrì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ láti ara irin ọkọ̀. Bí ọ̀nà tó yẹ kó gbà padà bá dí, yóò ya bàrá sí ọ̀nà ẹlòmíràn, gílóòbù tó bá sì bá pàdé níbẹ̀ ni yóò tàn bàìbàì. Ẹ tú ìdí iná ẹ̀yìn, kí ẹ wá wáyà áàtì rẹ̀: ó sábà máa ń jẹ́ dúdú, nínú ọ̀pọ̀ Toyota ó jẹ́ funfun tó ní ìlà dúdú. Ẹ tọ̀ ọ́ dé ibi tí nọ́ọ̀tì ti dì í mọ́ irin ọkọ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀ náà, ẹ ó sábà bá a pé orí ọ̀dà ni wọ́n di nọ́ọ̀tì lé. Ẹ ha ọ̀dà náà kúrò títí ẹ ó fi rí irin funfun.

Gílóòbù fúnra rẹ̀ lè jẹ́ okùnfà bákan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gílóòbù bíréèkì ní okùn méjì nínú àti ojú méjì nídìí. Bí ẹ bá fi olójú kan sínú ilé olójú méjì, ojú kan náà lè so wáyà méjèèjì pọ̀, àrùn tí yóò hàn sì jọ ti áàtì gan-an.

Áàtì ẹ́ńjìnnì ló léwu jù. Ẹni tó bá sọ ẹ́ńjìnnì tàbí gíà kalẹ̀ tó gbàgbé láti dá wáyà nípọnnípọn tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ padà yóò rí i pé ọkọ̀ ń sítáàtì tìkọ̀tìkọ̀, àti pé okùn gíà tàbí okùn àtẹ̀lẹ̀ epo ń gbóná, ó tilẹ̀ ń rú èéfín nígbà mìíràn, nítorí pé inú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni gbogbo iná kíìkì sítátà ń gbà padà. Ẹ gbé ẹnu mítà kan lé négétíìfù bátìrì, èkejì lé ara ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tan ọkọ̀. Bí ó bá ju fóòtì 0.5 lọ, ẹ ti rí i.

Mo fi gílóòbù LED sí tiráfíkétọ̀, ó wá ń ṣẹ́jú bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣé fáṣà ló bàjẹ́?

Fáṣà, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí tiráfíkétọ̀ máa ṣẹ́jú, ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Gílóòbù aláwáàtì 21 ń fa nǹkan bí áńpù 1.75, LED kì í fa tó ìdá mẹ́rin rẹ̀, fáṣà sì rò pé gílóòbù kan ti jó, ìyẹn ni ó fi ń yára. Ẹ ra fáṣà tí wọ́n ṣe fún LED bí ọkọ̀ yín bá ń lo èyí tí a lè yọ. Bí ẹ bá yan rẹsítọ̀ dípò, ìyẹn ohun tó ń fa iná kún ti LED, ara irin ni kí ẹ dè é mọ́, nítorí pé ó ń gbóná débi pé ó lè yọ́ rọ́bà.

Mo gbé iná iwájú tó lágbára sí i, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì yọ́. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìṣirò ni. Gílóòbù méjì aláwáàtì 55 jẹ́ 110. Bí ẹ bá fi 12 pín in, ó ń fa áńpù 9 àti díẹ̀. Bí ẹ bá gbé aláwáàtì 100 méjì síbẹ̀, ó ti ń lọ sí 17, nínú wáyà àti súìṣì kan náà. Ọ̀nà tó tọ́ ni rìléè, súìṣì tí iná díẹ̀ fi ń ṣí ọ̀nà fún iná púpọ̀: wáyà tó nípọn láti bátìrì, fíúsì tirẹ̀ nítòsí bátìrì, kí súìṣì àtijọ́ kàn máa pàṣẹ fún rìléè nìkan.

Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rìléè kì í ṣe ọ̀ṣọ́. 30 ni iná láti bátìrì, 87 ni iná tó ń lọ sí gílóòbù tàbí họ́ọ̀nù, 85 àti 86 ni ti àṣẹ: ọ̀kan sí súìṣì, èkejì sí áàtì. Bí ẹ bá so 30 mọ́ ibi 86, rìléè lè máa dún "tá" láìjẹ́ pé iná kankan dé iwájú.

Bátìrì ń kú ní òwúrọ̀ láti ìgbà tí mo ti fi rédíò tuntun sí i. Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tó ń fa iná lóru?

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ wo wáyà rédíò náà. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò tí à ń rà lọ́jà, yẹ́lò ni iná tó ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, pupa ni èyí tó ń wá bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, dúdú sì ni áàtì. Ẹni tó bá lọ́ yẹ́lò àti pupa pọ̀ sójú kan, kí iṣẹ́ lè yá, ti fi rédíò sílẹ̀ láìsùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ pààrọ̀ àyè wọn, rédíò yóò máa gbàgbé gbogbo ìkànnì tí ẹ yàn bí ẹ bá ti pa ọkọ̀.

Bí wáyà bá tọ́, ẹ yọ négétíìfù, kí ẹ fi mítà sí ipò 10A láàárín ọ̀pá bátìrì àti orí tí ẹ yọ. Ẹ má tan ọkọ̀ rárá nígbà tí mítà wà níbẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, kí ẹ sì ní sùúrù fún wákàtí kan, nítorí pé kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ òde òní kì í tètè sùn. Àwọn tó wo mítà lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń ké pé áńpù mẹ́ta ń jò. Lẹ́yìn tó bá sùn, 0.05 tàbí kí ó dín kò ṣe nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ 0.5, bátìrì áńpù-wákàtí 60 yóò gbẹ tán láàárín ọjọ́ márùn-ún, kò sì ní lè tan ọkọ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà.

Ẹ wá máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mú kí nọ́ńbà mítà já wálẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí kò bá sí fíúsì tó mú un wálẹ̀, ẹ fura sí ohun tó so mọ́ bátìrì tààrà: ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì), tírákà tó ń tọpa ọkọ̀, tàbí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rédíò sókè.

Wáyà tí mo lọ́ pọ̀ tí mo fi téèpù dúdú wé máa ń ṣiṣẹ́ lónìí, kó kú lọ́la. Ṣé kí n tún un wé?

Ooru ẹ́ńjìnnì ti yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà, omi sì ti wọlé. Ẹ gé ibi tó ti dúdú tàbí tó ti hu àwọ̀ ewé kúrò, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà tó ń sún kì bí iná bá rà á bò ó. Ẹ ti gbọ́dọ̀ ki rọ́bà náà bọ wáyà kí ẹ tó jó o. Gbogbo wa la ti gbàgbé rí. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà olówó pọ́ọ́kú: bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha òwú rẹ̀ tí inú rẹ̀ sì funfun, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi kọ́pà bò, kì í gbé iná tó kọ́pà gidi.

Mo ṣèèṣì so bátìrì sódì. Ọkọ̀ ti kú pátápátá báyìí. Ṣé gbogbo nǹkan ló ti jó?

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní fíúsì ńlá kan nínú àpótí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sábà máa ń kọ ALT tàbí MAIN sí lára, tó lè jẹ́ áńpù 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló kọ́kọ́ ń jó kí ìyókù lè yè. Sìkúrúù ló sábà dè é mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má fi púláyà fà á tipátipá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ tí ọkọ̀ sì tàn, ẹ wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Láàárín 13.8 sí 14.5 ni ó sábà yẹ kó wà. Bí ó bá dúró sí 12 àti díẹ̀, dáódù inú ọ́tánétọ̀, ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ni ẹ fi san ìyókù gbèsè náà.

Àwọn àgbà ríwáyà máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ọ́tánétọ̀ ń ṣáàjì. Ṣé èmi náà lè ṣe é?

Ẹ má ṣe é. Ọkọ̀ tí kò ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bátìrì ló ń mú kí iná ọ́tánétọ̀ dúró jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, fóòtì lè fò sókè ré kọjá ohun tí brain box àti rédíò lè fara dà. Mítà yóò sọ ohun kan náà fún yín láìsí ewu.

Mo tú sítíárìnì, iná áábáàgì sì ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣé mo lè fi mítà wá a?

Rárá. Iná kékeré tí mítà ń rán jáde láti wọn wáyà lè tú áábáàgì náà sí yín lójú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ yẹ́lò kí a lè dá a mọ̀. Ẹ yọ bátìrì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí pé iná díẹ̀ ṣì ń wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀, kí ẹ tó wò bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wọlé tán. Bí ó bá wọlé tí iná náà kò kú, ẹ gbé e fún ẹni tó ní skánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe ọkọ̀, tó lè ka áábáàgì.

Mo bu iná fún tírákà lára wáyà kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Skánà wá ń mú kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U jáde, bíi U0100, iná oríṣiríṣi sì ń tàn. Ẹ̀rọ mélòó ló bàjẹ́?

Ó ṣeé ṣe kí ó má sí ọ̀kan. Kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U ń sọ pé àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kò gbọ́ ara wọn. Wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí ìdì irun ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, a sì ń pè é ní CAN. Ó jọ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni ẹ gé tàbí tí ẹ bu iná láti ara rẹ̀.

Ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ wọn óòmù, ìyẹn ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná, láàárín ẹsẹ̀ 6 àti 14 nínú ihò skánà. 60 ni ó yẹ kí ẹ rí, nítorí pé rẹsítọ̀ 120 kan wà ní ìkángun kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí 120, wáyà ti já níbì kan; bí ó bá sún mọ́ òdo, méjèèjì ń gbá ara wọn. Ẹ yọ tírákà náà kúrò, kí ẹ tún wáyà náà so, kí ẹ sì lọ́ ọ mọ́ra bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àpótí fíúsì ni a ti ń bu iná fún tírákà.

Ríwáyà sọ pé brain box ti kú, kí n lọ ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀. Ṣé kí n rà á?

Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi hàn yín lórí mítà pé fóòtì 12 dé gbogbo ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí, àti pé gbogbo ẹsẹ̀ áàtì rẹ̀ kan négétíìfù gan-an. Brain box tí áàtì rẹ̀ já ń ṣe bí òkú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ṣe é. Lẹ́yìn àtúnṣe ọwọ́ ẹni, a máa ń bá áàtì já ju kí a bá brain box tó jó lọ.

Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé ó kú, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára tiyín gbọ́dọ̀ bá ti èyí tí ẹ fẹ́ rà mu láìku lẹ́tà kan. Bí kọ́kọ́rọ́ yín bá sì ní ṣíìpù nínú, brain box tó wá láti ara ọkọ̀ ẹlòmíràn kò ní dá a mọ̀: kíìkì sítátà lè máa yí, ẹ́ńjìnnì kò sì ní gbà, títí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi kọ́ àwọn méjèèjì láti mọ ara wọn. Ẹ fi owó ìyẹn kún iye tí wọ́n bá dá fún yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀.